Ọ̀pọ̀lọ́ Wo Ni? Ìjàpá Ibo Ni?

Ẹ̀bùn aláwòrán ti gba ìgboro. Ẹ ṣí fóònù yín, ẹ ó rí kọ́ọ̀bù tí wọ́n ya ọ̀pọ̀lọ́ sí, tíṣẹ́ẹ̀tì tí aláǹgbá ń gùn lápá, báàjì kékeré, káàdì ọjọ́ ìbí, àpò aláṣọ, sítíkà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn láptọ́ọ̀pù. Ẹni tó ń tà á á ní òun fi ń yẹ́ àwọn ẹranko tó fẹ́ parẹ́ láyé sí ni, pé bí ẹ bá ra ọ̀kan fún ọ̀rẹ́ yín, ẹ ti gbèjà wọn nìyẹn. Ọ̀rọ̀ dídùn ni. Ewu náà kì í sì í ṣe àhesọ. Ìwádìí àgbáyé tó jáde lọ́dún 2023 sọ pé nínú ẹ̀yà 100 lára ọ̀pọ̀lọ́ àti àwọn ìbátan rẹ̀ tó ń gbé omi gbé ilẹ̀, bíi 41 ló wà nínú ewu àti parẹ́. Èyí tó jáde lọ́dún 2022 lórí àwọn afàyàfà, ìyẹn ejò, aláǹgbá, ìjàpá àti ọ̀nì, fi tiwọn sí bíi 21 nínú 100.

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níbí ni bóyá àwọn ẹ̀bùn yìí ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n láwọn ń ṣe. Òṣùwọ̀n tí a ó fi wọ̀n wọ́n ò ti òkè òkun wá. Ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ìyá yín.

Ẹni tó bá lọ sóde ìnáwó ní Àjàṣẹ́-Ìpo níbí, tàbí ní Ọ̀mù-Àrán, tàbí ní Ọ̀fà, kì í bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Abọ́ oníke, tíréè, bọ́kẹ́ẹ̀tì, abẹ̀bẹ̀, kàlẹ́ńdà, kọ́ọ̀bù: ọ̀kan á dé ọwọ́ ẹ. Àwòrán ẹni tí wọ́n torí ẹ̀ náwó máa ń wà lára rẹ̀. Ẹ wá ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán náà: orúkọ màmá tó kú, ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n, ilé wo ni wọ́n ti wá, ọjọ́ wo ni wọ́n sin wọ́n, àwọn wo ló ń dúpẹ́. A ò tíì rí ọmọ tó ń ṣe òkú ìyá rẹ̀, tó wá ní kí wọ́n ya ìyá arúgbó kan ṣáá sára abọ́, torí pé ojú arúgbó máa ń wuni. Ìyá wo? Ti ibo? Bí abọ́ náà ò bá dáhùn ìbéèrè méjì yìí, ike lásán ni. Bó bá dáhùn wọn, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ẹni tó ń fi í bu ẹ̀wà á ṣì máa rí orúkọ màmá yẹn kà.

Ìbéèrè méjì náà la fẹ́ bi àwọn ẹ̀bùn ẹranko. Èwo ni? Ibo ló ń gbé? Èyí tó bá dáhùn ti yẹ́ ẹranko sí lóòótọ́. Èyí tí kò dáhùn, ojú ẹranko nìkan ló mú, ó fi ilé rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí àwòrán tí gbogbo wa ń lò lójoojúmọ́. Ọdún 2010 ni Unicode fi orí ọ̀pọ̀lọ́, ọ̀nì, ìjàpá àti ejò kún àwọn emoji. Aláǹgbá dé lọ́dún 2016. Ẹ̀yà ọ̀pọ̀lọ́ tó wà láyé ju 7,000 lọ, orí kan ṣoṣo aláwọ̀ ewé ni gbogbo wọn jọ ń lò. Àwa tá a ń kọ ètò kọ̀ǹpútà jẹun ò ní bá wọn jà lórí ìyẹn. Àmì gbọ́dọ̀ kéré, ó sì gbọ́dọ̀ tètè yéni. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni pé ọ̀pọ̀ ayàwòrán ẹ̀bùn ti sọ àmì di àwòrán. Ohun tí wọ́n ń yà sára kọ́ọ̀bù ò ju emoji tí wọ́n fẹ̀ lójú lọ: ojú ràgàjì, ẹ̀rín músẹ́, olú kékeré lórí bíi fìlà. Wọ́n á wá kọ ọ̀rọ̀ ìdáàbòbò sí i lábẹ́. Ta ni kí á dáàbò bò? Kò sí ẹranko kankan láyé tó jẹ́ ẹni tí wọ́n yà yẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ọ̀nà yìí ń gbéni lọ, kó wo axolotl. Inú omi ìlú Mexico ló ń gbé. Ìbátan ọ̀pọ̀lọ́ ni, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin àti ìrù, ohun tó fi ń mí sì yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn rẹ̀ bí ìyẹ́ ẹyẹ. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹ̀bùn tí wọn ò tíì yà á sí. Lọ́dún 2021, ó wọnú géèmù Minecraft. Àmọ́ aláwọ̀ osùn rẹ́súrẹ́sú tí ẹ ń rí lára ẹ̀bùn yẹn, ọmọ inú agolo gíláàsì ni. Dúdú ni tinú odò sábà máa ń jẹ́. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ka tinú odò Xochimilco lọ́dún 1998, wọ́n rí bíi 6,000 nínú kìlómítà kan níbùú lóròó. Nígbà tí wọ́n fi máa tún un kà lọ́dún 2014, ó ti ku bíi 36. Ìgbà tí àwòrán rẹ̀ ń pọ̀ sí i lágbàáyé gan-an ni òun fúnra rẹ̀ ń tán lọ.

Nínú gbogbo àwòrán axolotl, ọ̀kan la rò pé ó ju gbogbo wọn lọ, kì í sì í ṣe ọlọ́jà ẹ̀bùn ló ṣe é. Owó ni: 50 peso tí ìjọba Mexico gbé jáde lọ́dún 2021. Àwọn akójọ-owó àgbáyé fún un ní àmì ẹ̀yẹ owó tó dára jù lọ́dún náà, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń tọ́jú tiwọn, wọn ò fẹ́ ná an. Ohun tó mú wa yìn ín ni pé wọn ò ya axolotl sínú òfìfo. Wọ́n ya omi Xochimilco tì í, wọ́n ya àgbàdo àti oko orí omi tí àwọn ará ibẹ̀ ń dá láti ayébáyé. Ẹni tó bá mú owó yẹn dání lè béèrè lọ́wọ́ ìjọba tó tẹ̀ ẹ́ pé: omi tí ẹ yà síbí yìí, báwo ló ṣe wà lónìí? Kọ́ọ̀bù ò fúnni láyè àtibéèrè bẹ́ẹ̀.

Nílé ńkọ́? Láàárín 1965 sí 1966, Nàìjíríà gbé sítáǹbù ẹranko jáde, oríṣi 14, láti orí ti ìdajì pẹ́nì dé ti pọ́n-ùn kan. Maurice Fievet ló yà wọ́n. Kìnnìún wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, erin wà níbẹ̀, odídẹ, ẹ̀gà, erinmi, àgùnfọn, ẹfọ̀n. Iṣẹ́ ọwọ́ tó mọ́ ni, ẹ wá a wò. Àmọ́ nínú gbogbo 14 yẹn, ẹranko tó ní irun lára àti ẹyẹ nìkan ló wà. Kò sí ọ̀nì, kò sí ejò, kò sí àkèré, ìjàpá pàápàá ò sí. Orílẹ̀-èdè tuntun ń yan àwọn tó máa fi ojú rẹ̀ han ayé, ó yan èyí tó tóbi àti èyí tó níyẹ̀ẹ́. Àwọn tó ń fàyà fà ò kàn.

Ẹ ó ní Ìjàpá ò nílò sítáǹbù, pé gbogbo ilé ló ti mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ni. Kò sí ẹranko tí a ya àwòrán rẹ̀ ju Ìjàpá ọkọ Yánníbo lọ: ó wà nínú ìwé àlọ́, lára ògiri jẹ́lé-ó-sinmi, lára tíṣẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọmọ wa nílùú ọba ń wọ̀. Ó dé fìlà, ó wọ agbádá, ó fi ẹsẹ̀ méjì rìn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa. Nínú ọ̀pọ̀ àwòrán tó ti gba ọwọ́ wa kọjá, ẹ̀yìn roboto kan báyìí ni, tó dán, bí abọ́ tí wọ́n dojú ẹ̀ dé. Ìjàpá ilẹ̀ wa kọ́ nìyẹn. Àwọn ìjàpá igbó wa, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Kinixys, ní ohun tí ìjàpá ibòmíràn ò ní: apá ẹ̀yìn ìgbá wọn ń tẹ̀, bí ilẹ̀kùn tí káfíńtà fi híńjì kọ́. Bí ewu bá dé, á fa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọlé, á sì ti ilẹ̀kùn. Ọ̀kan lára wọn, Kinixys homeana, tó ń gbé igbó ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà títí dé Nàìjíríà àti Cameroon, ìdí ìgbá rẹ̀ wálẹ̀ gbọọrọ bí ògiri. Òun náà ló ti bọ́ sí ìpele ewu tó burú jù, èyí tó ṣáájú kí ẹranko tán nínú igbó. Igbó ń tán, àwọn èèyàn ń jẹ ẹ́, àwọn mìíràn sì ń kó o lọ tà fún ẹni tó fẹ́ sìn ín lókè òkun.

Ohun tó ń dùn wá ni pé àwọn apàlọ́ ò ṣe irú àìbìkítà yìí. Àlọ́ odidi wà lórí ìdí tí ẹ̀yìn Ìjàpá fi rí pálapàla. Ẹni tó kọ́kọ́ pa á ti gbé ìjàpá lọ́wọ́ rí, ó yí i wò, ó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó fa ìlà yẹn. Ayàwòrán òde òní gbọ́ àlọ́, kò wo ìjàpá. Ó wá kù sí ibi tí ọmọ wa mọ ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ Ìjàpá látòkèdélẹ̀, tó sì lè rí Kinixys lójú pópó kó má mọ̀ pé òun rí ẹnìkan tó kù díẹ̀ láyé.

Ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ Ìdànrè tiẹ̀ tún le jù. Lórí àwọn àpáta Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọ̀pọ̀lọ́ kan wà tí kò sí níbòmíràn lágbàáyé. Arne Schiøtz, ará Denmark, ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1963. Ó fi orúkọ Perret, onímọ̀ ará Switzerland, sọ ọ́. Orí àpáta tí omi ń ṣàn wẹ́rẹ́ lé ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà kí wọ́n tó lẹ́sẹ̀, kì í ṣe inú adágún. Ó lé ní 40 ọdún tí onímọ̀ kankan ò fi kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun rí i, títí Onadeko ti Yunifásítì Èkó àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kéde lọ́dún 2014 pé ó ṣì wà. Àwọn aráàlú ń gun òkè yẹn, àwọn àlejò ń ya fọ́tò níbẹ̀, Nàìjíríà ti fi í síwájú UNESCO láti ọdún 2007 pé kí wọ́n kà á mọ́ ogún àgbáyé. Ẹ̀bùn ìrántí Ìdànrè tó ti kan ọwọ́ wa, òkè ló wà lára ẹ̀, àtẹ̀gùn ló wà lára ẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ ò sí. Bẹ́ẹ̀, òkè pọ̀ láyé. Ọ̀pọ̀lọ́ yìí ni ò ní èkejì.

Ní Ghana, wọ́n ti ṣe ohun tó jọ ohun tí à ń wí. Lọ́dún 2021, wọ́n kéde ẹ̀yà ọ̀pọ̀lọ́ odò kan láti igbó Atewa, wọ́n sì sọ ọ́ ní Conraua sagyimase. Sagyimase, ìlú kan ni lẹ́bàá igbó náà. Àwọn onímọ̀ fi orúkọ ìlú dá àwọn ará ibẹ̀ lọ́lá. Ẹ ò rí i pé ẹ̀bùn ni orúkọ fúnra rẹ̀? Èwo ni àti ibo ni, ọ̀rọ̀ kan ti dáhùn méjèèjì.

Àwọn kan á ní a ti ń le jù, pé ẹ̀bùn lásán ni, pé ọmọdé fẹ́ ohun tó wuyì, kò fẹ́ ẹ̀kọ́. A ò gbà. Èsìẹ́ ò jìnnà sí wa níbí. Ère òkúta tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1945, ju 1,000 lọ, ẹ sì lè wò wọ́n títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kí ló fà á? Irun orí tẹni yìí yàtọ̀ sí tẹni yẹn, ilà ojú yàtọ̀, ohun tí wọ́n mú lọ́wọ́ yàtọ̀. Ẹni tó gbẹ́ wọn mọ̀ pé ẹwà wà nínú pé ẹnìkan kì í ṣe ẹnìkejì. Ìgbá tó ń ti ara rẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ṣé kò wu ọmọdé ju ẹ̀rín músẹ́ lọ ni?

Àtakò kejì ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: bí a bá ń kọ ibi tí ẹranko ń gbé sára ẹ̀bùn, ṣé a ò ní júwe ọ̀nà fún àwọn tó ń kó wọn tà? Ewu yẹn wà, àwọn onímọ̀ gan-an sì máa ń fi ibi pàtó pa mọ́ nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ká dárúkọ òkè yàtọ̀ sí ká nawọ́ sí ihò. Abọ́ òkú màmá sọ ìlú, kì í ya máàpù ibojì.

Nítorí náà, ẹ̀yin ayàwòrán tí ẹ ń ka èyí, àti ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ nǹkan sára ike àti aṣọ, iṣẹ́ wà nílẹ̀. Ẹ ya ọ̀pọ̀lọ́ Ìdànrè sórí àpáta rẹ̀ pẹ̀lú omi wẹ́rẹ́ yẹn, kí ẹ má fi olú dé e lórí. Ẹ ya Ìjàpá, ẹ wọ agbádá fún un bó bá wù yín, àmọ́ ẹ fi híńjì rẹ̀ hàn. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́, ẹ kọ ìlú rẹ̀. Bí owó kan nínú rẹ̀ bá ń lọ fún ìtọ́jú igbó, ẹ kọ iye tó jẹ́ àti ẹni tó ń gbà á, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tó ń dúpẹ́. Ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ yín á mọ ẹni tí wọ́n ní kí òun máa rántí.