Àwọn Tó Mọ Èdè Àṣìṣe

Ẹni tó ń wo Facebook lórí fóònù kò lè mọ iṣẹ́ àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń gba Graph API, ọ̀nà tí Facebook là sílẹ̀ fún ètò kọ̀ǹpútà, wọlé síbẹ̀. Iṣẹ́ wọn wù mí, pàápàá bí nǹkan bá dẹnu kọlẹ̀.

Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ a tú gbogbo kóòdù rẹ̀ palẹ̀. Ọ̀gá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èsì tó padà wá ni yóò kọ́kọ́ kà. Bó bá rí nọ́ńbà àṣìṣe 190, token, ìyẹn àmì ìwọlé, ni kò ṣiṣẹ́ mọ́: ọlọ́jọ́ kúkúrú kì í sábà ju wákàtí kan sí méjì lọ, ọlọ́jọ́ gígùn a máa tó nǹkan bí 60 ọjọ́. Bó bá jẹ́ 4, ìbéèrè ti pọ̀ jù, kó sinmi díẹ̀ ni. Bí kì í bá ṣe ìkankan nínú méjèèjì, yóò gbé ìbéèrè kan ṣoṣo lọ sí Graph API Explorer, irinṣẹ́ ìdánwò Facebook, yóò máa yọ ohun tó béèrè kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi rí èyí tí kò ní àṣẹ fún. (Lẹ́yìn tí àṣírí Cambridge Analytica, ilé-iṣẹ́ tó lo ìsọfúnni àwọn oníFacebook láìgbàṣẹ, tú ní 2018, àṣẹ ọ̀hún kò yá gbà mọ́.)

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé irú iṣẹ́ yìí fúnni, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi iye ìlà kóòdù díwọ̀n owó wọn; wíwá ibi tí àṣìṣe wà gan-an ni iṣẹ́ wọn.