Orúkọ Mẹ́ta, Yàrá Ogójì

Bí ẹ bá dé Àgbádárìgì, ẹ yà sí ilé Sẹ̀ríkí Fárẹ̀mí Williams Abass. Ilé náà kéré ju òkìkí rẹ̀ lọ. Bárákúùn ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ibi tí wọ́n ń ti ẹrú mọ́ títí ọkọ̀ ojú omi á fi dé. Wọ́n ní ó ti wà láti nǹkan bí ọdún 1840, pé yàrá 40 ló ní, àti pé èèyàn 40 ni wọ́n máa ń rọ́ sínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Ìdílé Sẹ̀ríkí fúnra wọn ló ń bójú tó o. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa wà.

Mùsíọ́ọ̀mù tó bá ń sọ ìtàn òkun sábà máa ń fi ọkọ̀ àti ìdákọ̀ró ṣe yangàn. Ti ibí yìí yàtọ̀. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà níbẹ̀, agboòrùn náà wà níbẹ̀. Àwọn ará ìlú máa ń sọ ọ́ pé agboòrùn kan ṣoṣo lè jẹ́ owó èèyàn 40. Bóyá iye yẹn pé o, bóyá kò pé o, agboòrùn yẹn bà wá lẹ́rù ju ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ. Ohun tí èèyàn lè rà ní Balógun lónìí ni! Ohun tí ilé yìí ṣe dáadáa jù lọ nìyẹn: ó fi ọjà han èèyàn, kò fi iwin hàn án.

Sẹ̀ríkí fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n jí i gbé ní Ìjòga-Orílé, tí wọ́n tà á fún ará Bùràsíìlì kan. Ó sọdá òkun, ó kọ́ èdè àwọn òyìnbó, ó padà wálé, òun náà wá ń ta ẹrú. Fárẹ̀mí ni orúkọ ilé, Williams ni ti ọ̀gá tó rà á, Abass ni ti ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Lọ́dún 1913, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi í ṣe olórí ẹkùn ìwọ̀ oòrùn Àgbádárìgì. Ó kú lọ́dún 1919, ibojì rẹ̀ sì wà nínú ọgbà ilé náà.

Bí wọ́n ṣe sábà máa ń sọ ìtàn yìí, ìtàn ọmọ ẹrú tó dolówó ni. Irọ́ kọ́. Àmọ́ ẹ wò ó: ẹni tó tà ní orúkọ mẹ́ta, àwọn tí wọ́n tà ò ní ju iye lọ. Ogójì lọ́nà ogójì. Ta ni wọ́n? Ìlú wo ni wọ́n ti kó wọn wá?

Nínú ìlú yìí kan náà ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ wà, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ parí lọ́dún 1845. Àjàyí Crowther wà ní Àgbádárìgì lọ́dún yẹn. Wọ́n kó òun náà lẹ́rú lọ́dún 1821, kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á lọ́dún 1822. Ọmọ méjì tí wọ́n kó lẹ́rú, tí òkun dá padà: ọ̀kan mú ìwé dé, èkejì mú ọjà dé. Ó yẹ ká máa sọ ìtàn méjèèjì pọ̀, torí pé ìyà nìkan kì í sọ èèyàn di aláàánú.

A ò ní kí àwọn ọmọ bú baba wọn nínú ilé baba wọn o. Ìdílé tó ṣílẹ̀kùn irú ilé bẹ́ẹ̀ fún aráyé ti ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé olówó ò jẹ́ ṣe láé. Ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún ò ju yàrá kan lọ, tí wọn ò ní dárúkọ Sẹ̀ríkí níbẹ̀ rárá, tó máa jẹ́ ti àwọn tó gba ibẹ̀ kọjá sórí ọ̀sà, lọ sí Gberefu, tí wọn ò padà mọ́.

Ẹ lọ wò ó. Bí atọ́nà bá sì ti dé ibi tí Sẹ̀ríkí ti di ọlọ́rọ̀, ẹ rọra bi í pé: ẹ̀gbọ́n, ta ló san owó yẹn?