James Baldwin àti Èdè Ìjọ tí Ó Fi Sílẹ̀

Ó ṣòro láti rí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tí kò ní ìdájọ́ nínú fún ẹni tí ó bá fi ìjọ sílẹ̀. Apẹ̀yìndà ni èdè Bíbélì ń pè é. Àwọn ará ìjọ a máa sọ pé ó ti fà sẹ́yìn, tàbí pé ó ti padà sínú ayé. Nínú gbogbo àpólà wọ̀nyí, ìjọ ni ó dúró lójú kan. Ẹni tí ó lọ nìkan ni ó ṣípò padà, a sì ti dá a lẹ́bi kí ó tó la ẹnu. Bí a bá tú apẹ̀yìndà palẹ̀ gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ti ń ṣe, ẹni tí ó pa ẹ̀yìn dà ni. Ọ̀rọ̀ náà sọ ibi tí ẹ̀yìn rẹ̀ wà. Kò sọ ibi tí ó kọjú sí.

Ìṣòro yìí ni yóò kọ́kọ́ pàdé ẹni tí ó bá fẹ́ fi èdè Yorùbá jíròrò lórí iṣẹ́ James Baldwin, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí ó jẹ́ oníwàásù láti ìgbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 14 títí di ọmọ ọdún 17, tí ó sì fi àga ìwàásù sílẹ̀ láti di òǹkọ̀wé. Púpọ̀ nínú àwọn lámèyítọ́ ni ó ti kọ nípa ohun tí ó kẹ́yìn sí. Fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ èdè, ohun tí ó gbé lọ́wọ́ nígbà tí ó ń lọ ni ó yẹ kí ó gba àròjinlẹ̀ jù.

Ní ọdún 1924 ni wọ́n bí Baldwin ní Harlem, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlú New York. David Baldwin, ọkọ ìyá rẹ̀ tí ó tọ́ ọ dàgbà, jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá láàárín ọ̀sẹ̀ àti oníwàásù ní ọjọ́ Ìsinmi, ọkùnrin tí ó le koko tí ìbínú kì í sì í jìnnà sí. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1938 ni ọmọ náà ṣubú lulẹ̀ níwájú pẹpẹ nínú ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì tí obìnrin oníwàásù kan, Rosa Horn, ń darí. Kò pẹ́ sí i ni ó bẹ̀rẹ̀ sí wàásù ní ìjọ mìíràn tí ń jẹ́ Fireside Pentecostal Assembly. Inú ṣọ́ọ̀bù ni irú àwọn ìjọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wà, àwọn tí ó ṣí láti gúúsù Amẹ́ríkà wá sí àríwá láti wá iṣẹ́ ni ó sì kún inú wọn. Èso ìsọjí tí William Seymour darí ní òpópónà Azusa ní ìlú Los Angeles ní ọdún 1906 ni wọ́n. Òfin wọn le. Sinimá, ijó, ọtí, tẹ́tẹ́, ìtọ́tè àti orin jáàsì, ti ayé ni gbogbo wọn, ẹni mímọ́ kò sì gbọdọ̀ bá ayé da nǹkan pọ̀.

Àròkọ tí Baldwin gbé jáde nínú ìwé ìròyìn The New Yorker ní oṣù kọkànlá ọdún 1962, tí ó di apá kejì ìwé The Fire Next Time ní ọdún 1963, ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí bí wọ́n bá fẹ́ ṣàlàyé ìjáde rẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti ka àwọn ìbéèrè tí ó dà á láàmú sílẹ̀. Ọmọ Júù pọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ó ń lọ ní Bronx. Bí òun ti ń fún wọn ní ìwé ìléwọ́ ìjọ rẹ̀, ni àwọn náà ń bi í léèrè ìgbà tí wọ́n kọ àwọn ìwé Ìhìnrere àti ẹni tí ó kọ wọ́n. Ó tún ṣàkíyèsí pé àwọn Kristẹni kan gbà pé ọmọ Hámù ni aláwọ̀ dúdú, pé ègún sì ti sọ ọ́ di ẹrú kí wọ́n tó bí i. Bí ènìyàn bá ka àtòjọ yìí lásán, yóò dà bí ẹni pé àríyànjiyàn inú ìwé ni ó lé e jáde.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí àròkọ náà ti gbóná jù lọ ni ìtàn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ọmọ Júù, tí ó wá kí i nílé. Lẹ́yìn tí àlejò lọ tán, bàbá rẹ̀ béèrè bóyá Kristẹni ni ọ̀rẹ́ náà. Ọmọ náà fèsì pé Júù ni. Àtẹ́lẹwọ́ bàbá sì bà á lójú. Ìbéèrè bàbá yìí yẹ fún àtúpalẹ̀. Kò béèrè orúkọ, kò béèrè ìwà, kò béèrè ọmọ ẹni tí ó jẹ́, tí ì bá jẹ́ ìbéèrè àkọ́kọ́ lẹ́nu àgbà ní ọ̀pọ̀ ilé ní Áfíríkà. Ìsọ̀rí ni ó ń béèrè. Gbogbo ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ìjọ náà, tí ó pín ọmọ aráyé sí ẹni ìgbàlà àti ẹni ègbé, wà nínú ìbéèrè kúkúrú náà. Ọmọ ọdún mélòó kan sì rí i pé òun kò lè mú ojú kan tí òun mọ̀ dáadáa kí òun gbé e sínú iná àjóòkú. Àwọn ìbéèrè nípa ọjọ́ orí àwọn ìwé Ìhìnrere kàn ràn án lọ́wọ́ ni.

Ṣùgbọ́n àròkọ yìí kan náà ni kò ṣe dáadáa sí ọmọ tí ó ń ròyìn. Baldwin kọ ọ́ pé ọmọ Harlem kọ̀ọ̀kan ní láti wá ọgbọ́n kan tí yóò fi bọ́ lọ́wọ́ òpópónà, pé ìjọ sì ni ọgbọ́n tirẹ̀. Ó fi àga ìwàásù wé orí ìtàgé. Ó ní òun ti wà lẹ́yìn aṣọ, òun sì ti rí bí wọ́n ṣe ń pa idán náà. Ẹni ọdún 38 ni ó ń sọ̀rọ̀ yìí, ẹni tí ayé ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, tí ó sì fẹ́ kí ọ̀nà tí òun gbà kúrò dà bí ọ̀nà tí ó tọ́ tààrà. Ìtàn àròsọ tí ó ti kọ ṣáájú jẹ́ olóòótọ́ jù ú lọ.

Go Tell It on the Mountain, tí ó jáde ní ọdún 1953, dá lórí ọjọ́ Sátidé kan ní ọdún 1935 tí John Grimes pé ọmọ ọdún 14. Nínú owó ẹyọ tí ìyá rẹ̀ fún un, ó yọ́ lọ wo sinimá. Ní alẹ́, ó ṣubú lulẹ̀ nínú ìjọ, ó sì dìde ní òwúrọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni ìgbàlà. Ìwé náà parí síbẹ̀. Ẹni tí ó jáde kúrò nínú ìjọ kọ ìwé tí ọmọ kan fi wọlé! Àwọn lámèyítọ́ ti jiyàn púpọ̀ lórí bóyá ìgbàlà John jẹ́ òtítọ́ tàbí ẹ̀tàn, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé ibi tí kò yẹ ni wọ́n ti ń wá ìdáhùn. Asọ̀tàn àti John ń lo ọ̀rọ̀ kan náà, ọ̀rọ̀ Bíbélì, síbẹ̀ ìtumọ̀ wọn kò dọ́gba. Àkọlé apá kẹta ìwé náà ni The Threshing Floor, èyí tí Bíbélì Yorùbá ń pè ní ilẹ̀ ìpakà. Lẹ́nu àwọn ará ìjọ, ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti ń fẹ́ ìyàngbò kúrò lára ọkà. Ṣùgbọ́n kí òǹkàwé tó dé ilẹ̀ ìpakà yìí, ó ti ka apá kejì. Ó ti mọ̀ pé Gabriel, oníwàásù tí ń tọ́ John, fún Esther lóyún nígbà tí Deborah jẹ́ aya rẹ̀. Pé ó jí owó tí Deborah tọ́jú láti fi lé Esther lọ. Àti pé Royal, ọmọ tí Esther bí, kú láìjẹ́ pé Gabriel jẹ́wọ́ rẹ̀ níṣojú ìjọ. Florence, ẹ̀gbọ́n Gabriel, ní lẹ́tà Deborah nínú àpamọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo òru tí wọ́n fi ń gbàdúrà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣe yí padà lójú òǹkàwé láìjẹ́ pé John mọ̀. Àlàfo tó wà láàárín ohun tí ọmọ náà fi ọ̀rọ̀ kan jẹ́wọ́ àti ohun tí asọ̀tàn fi ọ̀rọ̀ kan náà yẹ̀ wò, inú rẹ̀ ni ìjáde wà. Kò sì sí ẹ̀gàn níbẹ̀. Orin, òógùn, ìlù tanbọrín, ijó Elisha, gbogbo wọn ni ó ní iyì wọn, títí kan ìgbà tí Bàbá James dá Elisha àti Ella Mae dúró níwájú ìjọ láti kìlọ̀ fún wọn nítorí pé wọ́n ń rìn papọ̀. Ẹni tí ó bá ń wá ìwé tí yóò fi ìjọ ṣe yẹ̀yẹ́ yóò ní láti lọ sí ibòmíràn.

Eré onítàn rẹ̀, The Amen Corner, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Yunifásítì Howard ní ọdún 1955, kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ìdá kẹta rẹ̀ kún fún àlàyé tí ẹ̀dá ìtàn kì í sábà ṣe nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá gbọgbẹ́. Síbẹ̀, ó ní ohun kan tí ìtàn àròsọ náà kò ní: ó fi hàn bí òfin líle ṣe ń kan owó oúnjẹ. Arákùnrin Boxer rí iṣẹ́ awakọ̀, ṣùgbọ́n ọtí ni ọkọ̀ náà ń kó. Arábìnrin Margaret, olùṣọ́-àgùntàn, ní ẹni mímọ́ kò gbọdọ̀ ṣe é. Láti orí ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn àgbà ìjọ ti bẹ̀rẹ̀ sí wo ìgbé-ayé Margaret fúnra rẹ̀, títí tí wọ́n fi gba ìjọ lọ́wọ́ rẹ̀. David, ọmọ rẹ̀ tí ń tẹ dùùrù nínú ìsìn, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́. Irọ́ ni kò lè pa mọ́. Ó lọ, dùùrù náà sì bá a lọ.

Bákan náà ni èdè ṣe bá Baldwin lọ. Ẹ wo orúkọ àwọn ìwé rẹ̀. Ti ọdún 1953 àti ti ọdún 1963 wá láti inú orin ẹ̀mí àwọn aláwọ̀ dúdú. No Name in the Street ti ọdún 1972 wá láti inú ìwé Jóòbù. The Evidence of Things Not Seen ti ọdún 1985 wá láti inú Hébérù orí 11. Ìlò èdè rẹ̀ kò yàtọ̀: gbólóhùn tí ń gun orí gbólóhùn, àtúnwí tí ń gbóná sí i, àti èrò pé ìjọ ènìyàn kan wà níwájú òǹsọ̀rọ̀ tí yóò dáhùn. Àwọn kan fi èyí dájọ́ pé kò jáde rárá, pé ó kàn pààrọ̀ àga ìwàásù ni. Baldwin fúnra rẹ̀ dá wọn lóhùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ mìíràn ni ó ń sọ. Ní oṣù keje ọdún 1979, ilé-ẹjọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Michigan dájọ́ pé àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ Ann Arbor gbọ́dọ̀ ka èdè tí àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ń sọ nílé sí nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà. Ní oṣù yẹn kan náà, Baldwin kọ àròkọ sínú The New York Times láti sọ pé èdè ni èdè náà, kì í ṣe àṣìsọ. Àlàyé rẹ̀ ni pé àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú wá láti oríṣiríṣi ẹ̀yà kò gbọ́ èdè ara wọn. Inú ìsìn tí wọ́n dá sílẹ̀ láàárín ara wọn, lábẹ́ ojú ọ̀gá wọn, ni èdè kan ti bẹ̀rẹ̀ sí dúró fún wọn. Bí àlàyé yìí bá tọ̀nà, a jẹ́ pé ìjọ kò ni èdè náà. Ó kàn bá àwọn ènìyàn pa á mọ́ ni. Ẹni tí ó bá kúrò tí ó sì mú un lọ kò jalè.

Àmọ́, ìbéèrè kan kù tí àwọn olólùfẹ́ Baldwin kì í fẹ́ béèrè. Ọkùnrin tí ó kọ ẹ̀kọ́ iná ọ̀run àpáàdì sílẹ̀ nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí ló dé tí iná fi wà ní òpin ìwé rẹ̀? Òótọ́ ni pé iná orí àga ìwàásù ń ya ẹni ìgbàlà sọ́tọ̀, nígbà tí iná inú ìwé yìí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín funfun àti dúdú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ tí ó lò ní ojú ìwé tí ó kẹ́yìn. Àwa tí ó sọ níbẹ̀ ni àwọn tí ojú wọn là díẹ̀ nínú aláwọ̀ funfun àti nínú aláwọ̀ dúdú. Àwọn díẹ̀ yìí ni ó gbé ìgbàlà orílẹ̀-èdè lé lọ́wọ́. Ìjọ àṣẹ́kù ti tún dé! Àwa ti èdè Yorùbá, bíi ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò sọ bóyá ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Fulfulde ní méjì: ọ̀kan kó olùgbọ́ mọ́ra, èkejì yọ ọ́ sílẹ̀. Ògbufọ̀ tí ó bá fẹ́ gbé ojú ìwé náà lọ sí Fulfulde yóò ní láti yan ọ̀kan, bí ó bá sì ti yàn án ni yóò ti sọ bóyá oníwàásù náà kúrò nínú ìjọ tàbí kò kúrò. Èyí jẹ́ iṣẹ́ tí ó dára fún kíláàsì ìtumọ̀.

Ògbufọ̀ Yorùbá ní ìdẹwò tirẹ̀. Láti ọdún 1884 tí odindi Bíbélì Yorùbá ti Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti wà, gbogbo ọ̀rọ̀ tí Baldwin nílò ti wà nílẹ̀: ẹni mímọ́, ìgbàlà, ayé, ilẹ̀ ìpakà. Yóò rọrùn púpọ̀ láti tú u, àfi pé àwọn ọ̀rọ̀ náà yóò máa dún bí ìsìn òwúrọ̀, kì í ṣe bí òru inú ṣọ́ọ̀bù kan ní Harlem. Ibi tí apẹ̀yìndà yóò sì wọ̀ nínú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣòro láti rí. Nínú Notes of a Native Son, tí ó jáde ní ọdún 1955, Baldwin ròyìn ọjọ́ Ìsinmi kan, nígbà tí òun àti bàbá rẹ̀ jọ ń rìn ní ọ̀nà ilé ìjọsìn láìsọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Bàbá náà kàn bi í lójijì bóyá kò wù ú láti kọ̀wé ju kí ó wàásù lọ. Ẹnu ya ọmọ náà, nítorí pé ìbéèrè gidi ni. Ó fèsì pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọn kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.