Agbára Tó Wà Lára Èèpo Ewédú

Ewé nìkan là ń wá lára ewédú. Tí a bá ti já a tán, tí ìjábẹ̀ ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, igi tó kù di ti ewúrẹ́ tàbí ti ààtàn. Ní Bangladesh àti ní apá ìlà-oòrùn Íńdíà, igi yẹn gan-an ni àgbẹ̀ torí rẹ̀ gbin ewédú àti ìbátan rẹ̀ kan. Irú tiwọn kì í yọ ẹ̀ka púpọ̀ bíi tiwa. Ńṣe ló ń nà gbọnrangandan sókè, ó sì lè ga tó mítà 3 tàbí 4 láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́rin. Jútù ni wọ́n ń pe okùn tó wà lára èèpo rẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń hun àpò ìdọ̀họ, àpò tí kòkó ilẹ̀ Yorùbá ti ń wọ̀ lọ sókè òkun láti ayé àwọn baba wa.

Iṣẹ́ ńlá ló ń sọ igi yìí di okùn. Bí wọ́n bá gé e tán, wọn á dì í ní ìtí-ìtí, wọn á rì í sínú omi, wọn á sì gbé nǹkan wúwo lé e lórí kó má baà léfòó. Ibẹ̀ ni yóò wà fún bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, tí àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí ojú kò lè rí yóò máa jẹ oje tó lẹ èèpo mọ́ igi. Omi náà á dúdú, òórùn rẹ̀ á sì le. Bí ó bá pẹ́ jù níbẹ̀, okùn á jẹrà; bí kò bá sì pẹ́ tó, èèpo kò ní ṣí. Ọwọ́ àgbẹ̀ ló mọ ọjọ́ tó yẹ. Ó di dandan kó wọ inú omi tó mù ún dé ìbàdí, kó bó okùn náà gbọọrọ lára igi, kó ṣàn án, kó sá a sórí ọ̀pá títí yóò fi gbẹ. Àwọ̀ rẹ̀ tó ń dán nínú oòrùn ló mú kí àwọn ará Bangladesh máa pè é ní okùn wúrà. Mo bọ̀wọ̀ fún ọwọ́ wọ̀nyẹn, nítorí okùn tí omi bá ti bà jẹ́, kò sí ẹ̀rọ tó lè tún un ṣe.

Okùn yìí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kúrò ní ti àpò nìkan. Láti nǹkan bí ọdún 1990 síwájú ni àwọn tó ń ṣe mọ́tò ní Jámánì ti ń lo jútù, ọ̀gbọ̀ àti àwọn irú wọn fún pátákó inú ilẹ̀kùn ọkọ̀. Nígbà tí BMW gbé ọkọ̀ i3 jáde ní 2013, kenaf ló wà nínú tirẹ̀. Kenaf yìí, ọmọ ìyá ìṣápá tí a ń fi se ọbẹ̀ ni. Inú ike ni wọ́n ń po fọ́nrán àwọn okùn wọ̀nyí mọ́, iṣẹ́ tí irin ń ṣe nínú kọnkéré ni wọ́n sì ń ṣe níbẹ̀. Ike nìkan a máa tẹ̀, a sì máa fà bí ìwúwo bá pọ̀ lórí rẹ̀. Tí fọ́nrán bá wà nínú rẹ̀, ìwúwo yẹn á gba ara ike kọjá sára fọ́nrán, fọ́nrán ni yóò sì gbé e. Ike, ní tirẹ̀, á di fọ́nrán mú sójú kan, á sì bò ó lọ́wọ́ omi. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Ohun tó fún fọ́nrán lágbára bẹ́ẹ̀ ni sẹ́lúlóòsì. Anselme Payen, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló yà á sọ́tọ̀ lára igi ní 1838. Glúkóòsì ló so kọ́ra di sẹ́lúlóòsì, glúkóòsì kan náà tó wà nínú iṣu àti gbágùúdá. Bí wọ́n ṣe so kọ́ra ló yàtọ̀. Ti iṣu ká kò, ikùn wa sì lè tú u. Ti sẹ́lúlóòsì nà tààrà. Wọn á tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn á sì dì mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ikùn ènìyàn kò fi lè rí i gbé ṣe. Mi ò tíì yé ṣe kàyéfì sí i: ohun kan náà tó ń rọ̀ lẹ́nu wa nínú iyán ló gbé ìrókò dúró. Nínú òwú, sẹ́lúlóòsì lé ní ìdá 90 nínú 100; nínú jútù, ó wà ní nǹkan bí ìdá 60 sí 70.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti mọ̀ pé igi tàbí òwú lè ran ike lọ́wọ́. Leo Baekeland ṣe ike tí wọ́n ń pè ní Bakelite ní Amẹ́ríkà ní 1907, lẹ́búlẹ́bú igi ni wọ́n sì ń pò mọ́ ọn kó má baà máa fọ́ wẹ́wẹ́. Èyí tó gbajúmọ̀ jù lọ ni Trabant, ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní ìlú Zwickau, ní apá ìlà-oòrùn Jámánì, láti 1957 títí di 1991. Irin pẹlẹbẹ ṣọ̀wọ́n fún wọn nígbà náà. Wọ́n kó òwú tí ilé iṣẹ́ ìhunṣọ kò lò mọ́ láti ilẹ̀ Soviet, wọ́n pò ó mọ́ ike olómi, wọ́n sì fi ooru àti ẹ̀rọ alágbára tẹ̀ ẹ́ di ara mọ́tò. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 3 ọkọ̀ ló jáde bẹ́ẹ̀, ìpáàrà kò sì lè mú ara oníke náà. Àléébù rẹ̀ fara hàn nígbà tí wọ́n gbó: irú ike yẹn, tó bá ti gan, kò ṣeé yọ́ mọ́, wàhálà sì ni ó jẹ́ láti palẹ̀ wọn mọ́.

Ike tí wọ́n ń lò jù báyìí ni polypropylene, èyí tó ṣeé yọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ooru tó ń yọ́ ọ kò dé 200 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èyí sì ṣe pàtàkì, nítorí bí ooru bá kọjá ibẹ̀, fọ́nrán á bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ìṣòro tó kù ni ti omi. Inú epo rọ̀bì ni ike ti wá, ó kórìíra omi. Fọ́nrán fẹ́ràn omi, kò sì fẹ́ lẹ̀ mọ́ ike. Wọ́n á kọ́kọ́ gbẹ fọ́nrán dáadáa, wọ́n lè fi kọ́sítíìkì sódà fọ̀ ọ́, wọn á sì fi kẹ́míkà kan sí i tí apá rẹ̀ kan ń di ike mú, tí apá kejì ń di sẹ́lúlóòsì mú. Láìsí alárinà yìí, fọ́nrán á kàn jókòó sínú ike láìwúlò ni.

Fọ́nrán gíláàsì, tí wọ́n tún máa ń pò mọ́ ike, lágbára ju ti igi lọ, kò sí àníàní. Ṣùgbọ́n ó wúwo jù ú lọ, ó máa ń yún ara òṣìṣẹ́, ó sì máa ń jẹ ẹ̀rọ. Ilé iṣẹ́ Ford fi koríko àlìkámà sínú ike àpótí tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ Flex ti ọdún 2010, ìdá 20 nínú 100 rẹ̀ sì ni koríko náà. Wọ́n tún fi sẹ́lúlóòsì igi rọ́pò gíláàsì níbi ìgbápálé inú ọkọ̀ Lincoln MKX wọn ti ọdún 2014, ó sì fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe gbà fún ẹni tó bá sọ pé irú ike báyìí á jẹrà nínú ilẹ̀ o. Igi inú rẹ̀ lè jẹrà, polypropylene kò ní jẹrà. Àǹfààní tó dájú ni pé epo rọ̀bì tí a lò dín kù, ìwúwo sì dín kù.

Ní ilẹ̀ tiwa, ilé ìwádìí IAR&T tó wà ní Moor Plantation, Ìbàdàn, ni ìjọba àpapọ̀ gbé ìwádìí lórí kenaf àti jútù lé lọ́wọ́. Òṣùṣù ọ̀pẹ tí wọ́n ti gbọn ẹyìn rẹ̀ tán ń jó lóko wa, pòròpórò àgbàdo ń jó, igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń jẹrà lásán, sẹ́lúlóòsì sì kún inú gbogbo wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé iṣẹ́ ike ní Ìkẹjà àti Ọ̀tà, ẹ gba Ìbàdàn lọ, kí ẹ bá àwọn onímọ̀ yìí jókòó, kí ẹ sì bá àgbẹ̀ ṣàdéhùn owó kó tó fi iná sí pòròpórò rẹ̀.