Ta Ló Fi Ọ̀dà Pupa Kun Ẹyinjú Òwìwí?

Ní Ìperu Rẹ́mọ níbí, kò sí àgbà tàbí ọmọdé tí kò mọ igbe òwìwí. Ẹni tó ti rí i ní kòrókòró ni kò pọ̀. Òru ló ń jáde, bó bá sì fò kọjá lórí òrùlé, ẹ kò ní gbọ́ ìró apá rẹ̀, nítorí etí ìyẹ́ rẹ̀ tiwájú rí wínníwínní bí eyín òòyà, ara ìyẹ́ náà sì rọ̀ bí òwú, kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ pariwo. Inú àwòrán ni ọ̀pọ̀ wa ti mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyí tí mo fi ní ẹjọ́ láti bá àwọn onífọ́tò rò.

Ẹ wo òwìwí tí wọ́n máa ń fi sára pósítà ìsọjí àti páálí fíìmù. Ẹyinjú pọ́n bí ẹ̀yinná, sánmà dúdú bí ìdí ìkòkò, òṣùpá rogodo lẹ́yìn rẹ̀. Irọ́ ni! Òwìwí olójú funfun tó ń sùn sí àjà ilé wa, ẹyinjú rẹ̀ dúdú ni. Bí fíláàṣì bá tàn yẹ̀rì sí i lóru, ìmọ́lẹ̀ náà á lu ẹ̀yìn ẹyinjú lọ́hùn-ún, á sì padà wá bá kámẹ́rà ní pupa. Onífọ́tò tó mọṣẹ́ á mú pupa yẹn kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Ṣé ẹ rí i? Àwòrán tí a kò tún ṣe gan-an ló ń purọ́ níhìn-ín. Àwọn tiwa ńkọ́? Ńṣe ni wọ́n tún ń bu pupa kún un.

Àwòrán Eric Hosking, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo máa ń fi wọn àwọn yòókù. Ní 1937, òwìwí kan fi èékánná gún un lójú òsì, ojú náà sì fọ́. Bí ẹnì kan bá ní ẹ̀tọ́ láti ya òwìwí bí iwin, òun ni. Ṣùgbọ́n ní 1948, ó ya òwìwí olójú funfun bó ṣe ń fò, apá méjèèjì nà sókè, èkúté oko lẹ́nu rẹ̀. Mo gbà pé ó gún régé jù, ó fẹ́ dà bí àmì ara owó. Síbẹ̀, ẹyẹ tó ti ṣiṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ tán ni mo rí níbẹ̀, n kò rí àjẹ́ kankan.

Kámẹ́rà òde òní lè ya àwòrán láàárín ìdá kan nínú 2,000 ìṣẹ́jú àáyá kan, kí apá ẹyẹ má baà rú mọ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ kì í tó o, àwòrán á wá rí ṣákaṣàka bí ẹni da yanrìn sí i. Kí wọ́n gbá yanrìn náà kúrò, kí wọ́n tan ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sí òjìji, n kò ní ìjà. Òṣùpá tí kò yọ lálẹ́ ọjọ́ náà ni kí wọ́n má bá wa gbé kọ́ sánmà.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá 2021, Joseph Tobias àti Robert Williams rí òwìwí ńlá kan nínú igbó Atewa ní Gánà, èyí tí wọ́n ń pè ní òwìwí Shelley. Láti 1872 ni orúkọ rẹ̀ ti wọ ìwé, síbẹ̀ kò sí ẹni tó rí i dájú ní Gánà fún nǹkan bí 150 ọdún. Kò lò ju ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 15 lọ lójú wọn. Kò fò nínú àwòrán náà, ó kàn bà sórí ẹ̀ka ni. Ẹyinjú dúdú àti àgógó aláwọ̀ ìyeyè ni wọ́n fi dá a mọ̀. Ká ní wọ́n ti kun ẹyinjú yẹn ńkọ́? Ẹ̀rí ti bàjẹ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn agégi àti àwọn tó fẹ́ wa bọ́síìtì ń lé igbó Atewa bọ̀.

Tiwa níbí tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Báyìí ni pósítà ṣe ń dá ẹyẹ lẹ́bi, òkò á sì tẹ̀ lé e, eku tí ì bá pa jẹ á máa bí sí i nínú àká. Ẹ̀yin onífọ́tò Rẹ́mọ, ẹ lọ dúró dè é ní ìrọ̀lẹ́, ẹ pa fíláàṣì. Bó bá ṣú díẹ̀, ẹ jẹ́ kó ṣú bẹ́ẹ̀.