Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ Tí Ń Dá Ẹwà Ọkọ̀ Padà

Pontiac GTO, akọ ọkọ̀ Amẹ́ríkà, aké-ramúramù-lójú-títì, èyí tí ilé iṣẹ́ General Motors gbé jáde ní ọdún 1964, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kà sí aṣíwájú àwọn ọkọ̀ alágbára ìgbà náà, kò yẹ ní ohun tí à ń pa tì sẹ́yìn ilé kí eruku àti èkúté fi ṣe ibùgbé. Nítorí náà ni mo ṣe ń bọlá fún àwọn tí ń fi ọwọ́ ara wọn dá ẹwà rẹ̀ padà.

Ẹ wo iṣẹ́ wọn lára ọ̀dà. Ọ̀dà ayé ọjọ́un kò ní ìpele aláìláwọ̀ tí ó bò ó lórí bí ti òde òní. Bí oníṣẹ́ bá ti fọ ìdọ̀tí kúrò, tí ó fi amọ̀ rírọ̀ wọ́ èyí tí omi kò lè ṣí, tí ó sì ń fi ìpara dán an, àkísà ọwọ́ rẹ̀ yóò pọ́n bí ọkọ̀ bá jẹ́ pupa: ọ̀dà gan-an ni ó ń bọ́ yẹn, kì í ṣe ẹrẹ̀. Ní etí bọ́nẹ́ẹ̀tì, níbi tí ọ̀dà ti fẹ́lẹ́ jù, a lẹ téèpù mọ́ ọn kí irin má baà yọjú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára.

Nínú ọkọ̀, a tú àga, a ká kápẹ́ẹ̀tì, a kó ìtẹ́ èkúté dànù, a sì fi búrọ́ṣì kékeré tọ ojú rírán àga lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí ni mo kan sáárá sí jù, nítorí ojú àlejò kì í débẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe yára tún un kùn: bí a bá ti ha ọ̀dà àkọ́kọ́ dànù, kò sí èyí tí a lè rà fi rọ́pò rẹ̀.