Orílẹ̀-èdè Aláìlórúkọ Nínú Top Gun: Maverick

Nínú fíìmù Top Gun: Maverick (2022), tí Joseph Kosinski darí, ohun ìjà ní orúkọ, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè tí a ń bá jà kò ní. Ọkọ̀ ojú omi Amẹ́ríkà yin mísáìlì Tomahawk lu pápákọ̀ òfurufú ọ̀tá bí Maverick àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń lọ fọ́ ilé iṣẹ́ uranium wọn. Dígí dúdú bo ojú àwọn awakọ̀ òfurufú ọ̀tá.

Àwọn kan lè ní ọ̀wọ̀ ló fà á, kí fíìmù má baà tàbùkù ẹ̀yà kankan. Àlàyé yìí kò tó. Yorùbá ní ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ; níbi tí orúkọ kò bá sí, òǹwòran kò rí ilé kankan wò. Ta ni yóò dárò aláìlórúkọ?

Èdè àwọn Powhatan, onílẹ̀ àtijọ́ ní Virginia, ni orúkọ Tomahawk ti wá. Àáké ni ó túmọ̀ sí. A gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn, a sì fi orúkọ àáké wọn pe mísáìlì tí ń fò ju 1,000 kìlómítà lọ.

Nígbà tí a kọ́kọ́ lo Tomahawk lójú ogun, ní 1991, Baghdad ní Ìráàkì wà lára àwọn ìlú tí a yìn ín lù. Ìlú yẹn lórúkọ, ó sì ní àwọn tí ń sunkún òkú wọn. Iṣẹ́ ọnà Kosinski dáńgájíá: inú ọkọ̀ òfurufú ogun gidi ni a ti gbé àwọn òṣèré rẹ̀ fò. Síbẹ̀, fíìmù tó ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀ nítorí òtítọ́ ojú òfurufú kò wá òtítọ́ kankan lórí ilẹ̀ tí mísáìlì bọ́ sí.